Ṣé kí n ta ilẹ̀ bàbá mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú òyìnbó?

Àbẹ̀kẹ́_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Mo fẹ́ ìmọ̀ràn yín kí n tó ṣe ohun tí mi ò ní lè yí padà mọ́.

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, 2:1 ni mo fi jáde. Nígbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba kan ni wọ́n pín mi sí, ibẹ̀ ni ọkàn mi sì fà sí láti ìgbà náà. Ní báyìí mo ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé girama aládàáni kan, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún wọn lọ́jọ́ Sátidé.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba wa, kúrò nílé ní 1924, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley. Àga ọba kan tí wọ́n kàn ní ìlú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà ní British Museum títí dòní. Fọ́tò rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa nílé mọ̀. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ tí kò fi ní sọnù, àti bí èèyàn ṣe lè bá àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí.

Yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà mí fún másítáàsì, oṣù Kẹsàn-án ni wọn yóò wọlé. Owó ilé-ìwé nìkan lé ní 20,000 pọ́n-ùn. Màmá mi ní ká ta púlọ́ọ̀tì tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yarí kanlẹ̀, ó ní iṣẹ́ tí kò lówó lórí ni. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìwé yẹn tó ohun tí wọ́n ń ta ilẹ̀ fún? Ṣé Ìbàdàn tàbí Jos ò tó? Ṣé iṣẹ́ sì wà nílé lẹ́yìn rẹ̀?

Bàbá_Sítọ́ọ̀

Ọmọ mi, o kú ìfẹ́ ilé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má ta ilẹ̀ yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í mọ̀ ni pé iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹrù yàtọ̀ sí ẹni tó ń tún ẹrù ṣe bó bá bàjẹ́. Ẹni tó ń ṣètò ìpàtẹ yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bá wá wòran. Ẹni tó ń tọpinpin bí nǹkan ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín tún wà lọ́tọ̀, ó sì dà bíi pé òun gan-an lo ń wá. Bí o bá lọ kàwé láìtíì mọ èyí tí o fẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni wàá fi tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, wàá sì padà wálé láìní èyí tí ọwọ́ rẹ mọ̀ dunjú.

Kí o tó san kọ́bọ̀, bi ara rẹ bóyá o lè gba ẹrù kan wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní wọ́n gbé ère ìbejì kan dé. Wàá kọ orúkọ ẹni tó mú un wá, ọjọ́ tó mú un wá, ìlú tó ti wá, àti ohun tí ẹni náà sọ nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Wàá fi sẹ̀ǹtímítà wọn gíga rẹ̀ àti ìbú rẹ̀. Wàá ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, rúlà yóò sì hàn nínú fọ́tò náà. Wàá kọ ibi tó ti sán, ibi tí osùn ti ṣí kúrò, ibi tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ ti fẹ́ já. Nọ́ńbà ló kàn. A kì í fi bírò kọ nọ́ńbà sára ère. Abẹ́ ìdúró rẹ̀ tí ojú kì í tètè rí la máa ń wá. A ó fi Paraloid B-72, ohun ìkùn kan tó ń dáàbò bo ara ère, tí a ti pò mọ́ acetone, omi kẹ́míkà tó ń tú u, kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, bó bá gbẹ, a ó fi yíǹkì kọ nọ́ńbà lé e, a ó sì tún fi díẹ̀ bò ó lórí. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ yọ ọ́, acetone náà ni yóò mú un kúrò. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 2019.4.12, ọdún 2019 ló wọlé, ó wà nínú ìkójọ kẹrin tí a gbà lọ́dún náà, òun sì ni ìkejìlá nínú wọn.

Ẹni tó bá mọ èyí ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Láti 1963 tí UNESCO àti ìjọba Nàìjíríà ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Jos ni wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ yìí níbẹ̀, dípúlómà sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó ti gboyè. Ìbàdàn ní ẹ̀ka Archaeology and Anthropology, wọ́n ń ṣe másítáàsì. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba lo fẹ́, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 08 ni wọ́n ń gba ẹni tó ní dìgírì sí, ẹni tó ní másítáàsì ń bẹ̀rẹ̀ ní 09. Wọn kì í bi ọ́ bóyá London ni o ti gbà á.

Dúpẹ́_nílẹ̀_Gẹ̀ẹ́sì

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ kú àlàyé. Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n má ta ilẹ̀. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni pé ibi tí èèyàn ti kàwé ò já mọ́ nǹkan kan. Fún iṣẹ́ ìjọba, bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Fún ohun tí Àbẹ̀kẹ́ sọ nípa ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀, ó já mọ́ nǹkan gidi. Ibí ni ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe gba ilẹ̀kùn náà wà. Lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, ìwé ìforúkọsílẹ̀ British Museum, fáìlì ìpàtẹ 1924, kò sí èyí tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ nínú wọn.

Leicester ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mùsíọ́ọ̀mù láti 1966, wọ́n tún ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ kà á láti ilé tirẹ̀ láì wá síbí. UCL, ìyẹn University College London, náà ní tirẹ̀. Ní Norwich, Sainsbury Research Unit dá lórí iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, Òṣéáníà àti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá gan-an ni ọkàn rẹ wà, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò. Yunifásítì tó gbà ọ́ ńkọ́, kí ni wọ́n mọ̀ jù? Bí olùkọ́ kan kò bá sí níbẹ̀ tó mọ̀ nípa Áfíríkà, ọdún kan á fò kọjá lórí mùsíọ́ọ̀mù abúlé òyìnbó.

Ó wá ku owó. Owó wọn ni kí o fi lọ, kì í ṣe ilẹ̀ bàbá rẹ. Oṣù Kẹjọ ni Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sábà máa ń ṣí, ó máa ń tì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Wákàtí 2,800 ni iṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè pé kí o ti ṣe, ó tó iṣẹ́ ọdún méjì, wọ́n sì ń ka iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́ ọn, nítorí náà máa kọ gbogbo Sátidé rẹ sílẹ̀. Wọ́n á ní kí o padà sílé fún ọdún méjì ó kéré tán. Fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé bíi tìrẹ, ìyẹn kì í ṣe ìnira. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth náà wà; 2:1 rẹ tó fún un, Federal Scholarship Board sì wà lára àwọn tó ń fi orúkọ ránṣẹ́ láti Nàìjíríà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ náà nítorí kí o lè dúró síbí ṣiṣẹ́ dá owó rẹ̀ padà, jọ̀wọ́ ka ibí yìí dáadáa. Yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé, 776 pọ́n-ùn ni owó ìlera fún ọdún kan tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà. Owó oúnjẹ àti ilé fún oṣù mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ wà ní àkáǹtì rẹ fún ọjọ́ 28 kí o tó béèrè físà, ó sì lé ní 1,000 pọ́n-ùn lóṣù kan, kódà fún ẹni tí kò gbé ní London. Láti oṣù Kìíní 2024, ẹni tó bá wá ṣe másítáàsì bẹ́ẹ̀ kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ wá. Ọdún méjì tí wọ́n ń fúnni láti wáṣẹ́ lẹ́yìn ìwé yóò di oṣù 18 fún ẹni tó bá béèrè láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2027. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ilé-iṣẹ́ kan tó lè dá ọ dúró, owó oṣù rẹ fún ọdún kan gbọ́dọ̀ tó 41,700 pọ́n-ùn, tàbí 33,400 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Inú mùsíọ́ọ̀mù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ níbí kì í sábà san owó tó tó bẹ́ẹ̀.

Kọ́lá_Oníkan

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ń gbani síṣẹ́. Yemisi Shyllon Museum of Art wà ní Pan-Atlantic University láti 2019. John Randle Centre wà ní Oníkan fún àṣà àti ìtàn Yorùbá. Obasanjo Presidential Library wà ní Abẹ́òkúta. Báńkì ń kó àwòrán jọ, àwọn ìdílé ńlá ní àkójọ, ilé ìpamọ́ ìwé àwọn ìjọ àti ti àwọn ìwé ìròyìn ń wá ẹni tó máa tò wọ́n. Iṣẹ́ wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò sì parọ́ nípa owó. Owó ìbẹ̀rẹ̀ kéré, èmi náà ń gbà á mọ́ra ni. Ohun tó máa mú kí wọ́n pè ọ́ ni ohun tí o lè fi hàn wọ́n. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́. A gbé ère kan kalẹ̀, a ní kí oníkálukú kọ ìwé pélébé tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àádọ́ta ọ̀rọ̀ péré, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ní másítáàsì láti òkè òkun kọ ojú ìwé kan gbáko nípa ìmúnisìn. Wọn ò sọ ẹni tó gbẹ́ ère, wọn ò sọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Ẹni tó rí iṣẹ́ náà gbà kọ gbólóhùn mẹ́rin, ìyá àgbà tó bá wọlé á kà á, á sì yé e.

Ṣèyí_Atúngi

Bàbá_Sítọ́ọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú, mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, kí àbúrò wa má lọ bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Kì í ṣe gbogbo ère ni acetone lè kàn. Ìbejì tí wọ́n ti fi osùn àti òróró pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà òyìnbó kùn, acetone lè tú ohun tó wà lára rẹ̀, àwọ̀ tó bá sì ti bọ́ kì í padà mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi òwú díẹ̀ dán an wò níbi tó fara sin. Bí àwọ̀ bá bá òwú wá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sórí pátákó pẹlẹbẹ tàbí aṣọ tín-ín-rín, kí ẹ fi òwú funfun so ó mọ́ ọn láì fún un. Bákan náà ni fún aṣọ òkè, awọ, àti ohun tí iyẹ́ wà lára rẹ̀.

Ẹ̀ka ìtọ́jú ni tèmi, òun ni wọ́n sì ń wá jù nílé, nítorí a ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lè kojú kẹ́mísírì. UCL, Cardiff àti Durham ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú tó dúró sán-ún, ọdún méjì ni ó sì máa ń gbà láti jáde gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè dá fọwọ́ kan ẹrù. Tí wọ́n bá kọ́ ọ lókè òkun, wàá tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kejì nílé. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni iná. Wọ́n á sọ fún ọ pé kí ẹ̀rọ amúlétutù wà ní sítọ́ọ̀ ère igi. Nílé, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rin, iná á lọ, ooru àti ọ̀rinrin á wọlé wẹ́rẹ́, iná á tún dé. Igi á máa wú, á máa sún kì, bí awọ ìlù tí wọ́n ń sá sóòrùn tí wọ́n tún ń gbé sójò, títí yóò fi là. Yàrá tó ní ògiri amọ̀ tó nípọn, òrùlé tó ga, àti fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, tí ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í yí padà lójijì, sàn fún un ju ẹ̀rọ tó ń tàn tó ń kú lọ. Bákan náà ni kòkòrò tó ń jẹ igi: òkè òkun ń sọ pé kí a dì í nínú ọ̀rá kí a gbé e sí fúrísà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n fúrísà tí iná ń bọ́ lórí rẹ̀ kò ní pa ẹyin kòkòrò náà tán.

Kí o máa wo abẹ́ ère. Bí o bá rí ìyẹ̀fun igi tuntun lórí pẹpẹ lẹ́yìn tí o ti gbá a mọ́, kòkòrò wà nínú rẹ̀ láàyè. Yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bàbá_Sítọ́ọ̀

Ṣèyí, o ṣeun. Òótọ́ ni o sọ nípa osùn. Ní ibi iṣẹ́ wa, àwọn tó ní àwọ̀ la máa ń so pátákó mọ́, àwọn tó gbẹ tí kò ní nǹkan lára la máa ń kọ ọ́ sí.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ gan-an ni. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kẹ́mísírì tèmi kò kọjá WAEC, nítorí náà ẹ̀ka ìtọ́jú lè má ṣeé ṣe fún mi. Àkọsílẹ̀ àti títọpinpin orísun nǹkan ni ọkàn mi ń fà sí. Olùkọ́ kankan kò sí ní yunifásítì tó gbà mí tó mọ Áfíríkà, mo ti wò ó lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́ sọ ọ́. Ṣé iṣẹ́ títọpinpin yìí wà ní Nàìjíríà lóòótọ́, àbí àwọn òyìnbó nìkan ló ń ṣe é?

Kọ́lá_Oníkan

Ó wà, yóò sì máa pọ̀ sí i. Mùsíọ́ọ̀mù Horniman ní London fi ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Benin 72 sí orúkọ Nàìjíríà ní oṣù Kọkànlá 2022. Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í dá tirẹ̀ padà lọ́dún kan náà. Nẹ́dálándì dá 119 padà ní 2025. Ẹrù bẹ́ẹ̀ kò lè kàn balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi wé àkọsílẹ̀, kó wo ibi tó ti sán, kó mọ ibi tó máa gbé. Wo Digital Benin lórí íntánẹ́ẹ̀tì: láti 2022 ni ó ti kó nǹkan tó lé ní 5,000 láti mùsíọ́ọ̀mù káàkiri ayé sí ojú kan. Kò tíì sí irú rẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Ó yẹ kí ẹnì kan ṣe é.

Kí o tún kọ́ nípa òfin àti ọ̀rọ̀ ààfin. Ní 2023 ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ọba Benin ló ni àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Benin tó bá padà. Ní oṣù Kọkànlá 2025, àwọn afẹ̀hónúhàn wọ ọgbà MOWAA, ìyẹn Museum of West African Art, ní Benin City nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí i fún àlejò. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ bá ń bọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹni tí wọn yóò gbé e fún. Máa múra ìdáhùn sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.

ỌmọKétu

Ẹ kú ìjíròrò. Orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà, ìlú Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. École du Patrimoine Africain, ilé-ẹ̀kọ́ nípa ohun àjogúnbá Áfíríkà, wà níbí láti 1998, àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló sì ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà máa ń fò wá lọ sí London, ẹ kì í bojú wo ẹ̀gbẹ́ yín. Mọ́tò ni èèyàn fi ń dé ọ̀dọ̀ wa láti Èkó.

Nígbà tí Faransé dá nǹkan 26 ti ààfin Abomey padà fún wa ní oṣù Kọkànlá 2021, wọ́n pàtẹ wọn ní Kútọnu lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èrò wọ́ débẹ̀. Mo rí àwọn àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ níwájú ìtẹ́ ọba. Ẹni tó fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń padà sílé, kó wá wo ibi tó ti padà.

Bàbá_Sítọ́ọ̀

ỌmọKétu, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, ẹ sọ ìyẹn fún un. Àwọn tó ń sọ Faransé, Potogí àti Sípéènì ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún.

ỌmọKétu

Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó lè kọ́ Faransé. Ọ̀pọ̀ ìwé nípa Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi Faransé kọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọpinpin iṣẹ́ ọnà Yorùbá tí kò gbọ́ Faransé, ìdajì ìtàn náà kò ní dé etí rẹ̀.

Fẹ́mi_ní_Florida

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní Amẹ́ríkà, másítáàsì mùsíọ́ọ̀mù kì í sábà ní owó ìrànwọ́. PhD ló ní in. Bí ẹ̀ka ìtàn iṣẹ́ ọnà tàbí anthropology bá gbà ọ́ fún PhD, wọn kì í sábà gba owó ilé-ìwé, wọ́n sì ń san owó tí wàá máa fi jẹun, ìwọ náà á máa ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún wọn. Dìgírì kìíní tó fún ọ̀pọ̀ wọn láti gbà ọ́. Wo ibi tí mùsíọ́ọ̀mù wà nínú ọgbà: Harn wà ní Florida, Fowler wà ní UCLA, méjèèjì ní iṣẹ́ ọnà Áfíríkà dáadáa. Nínú mùsíọ́ọ̀mù ńlá níbí, ẹni tó ń ṣàkóso àkójọ Áfíríkà sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ní PhD.

Ọ̀nà kúkúrú kan tún wà. Fulbright FLTA, ètò ìjọba Amẹ́ríkà, ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti Nàìjíríà wá kọ́ni ní Yorùbá ní yunifásítì Amẹ́ríkà fún ọdún ìwé kan; kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ṣì ń gba ọmọ Nàìjíríà. Tíṣà ni ọ́. Kì í fúnni ní oyè, wàá sì padà sílé, ṣùgbọ́n wàá rí ibi ìkówèésí wọn àti àwọn olùkọ́ tó lè kọ̀wé fún ọ lọ́la.

Dúpẹ́_nílẹ̀_Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, ọ̀rọ̀ FLTA yẹn dára gan-an. PhD ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí fún un. Ọdún márùn-ún sí méje ni, ẹni tí kò tíì ṣe ju iṣẹ́ Sátidé lọ kò tíì mọ̀ bóyá ìwádìí ló fẹ́ fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Mo mọ àwọn tó ti dé ìdajì tí wọ́n rí i pé ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́.

Fẹ́mi_ní_Florida

Mo gbọ́. Síbẹ̀, ọdún márùn-ún tí wọ́n ń sanwó fún ọ sàn ju ọdún kan tí ìwọ ń san 20,000 pọ́n-ùn. Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Táíwò_Bàhíà

Ẹ̀yin ará, ẹ má gbàgbé wa ní Salvador. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Bràsíìlì kì í gba owó ilé-ìwé, àlejò náà kò ní san án. UFBA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti Bàhíà níbí, ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mùsíọ́ọ̀mù, Museu Afro-Brasileiro tirẹ̀ sì ní pátákó kédárì 27 tí oníṣẹ́ ọnà Carybé gbẹ́ àwọn òrìṣà sí: Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Potogí ló máa kọ́kọ́ gbà ọ́ lákòókò. Owó oúnjẹ àti ilé lo máa fúnra rẹ wá. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa á rí ọ̀rẹ́ níbí, nítorí àwọn tó ń kọ orin òrìṣà ní ilé Kàńdómúbílé ń wá ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Bàbá_Sítọ́ọ̀

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Ẹni tó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù nílé ní àǹfààní tí ẹni tó wà níta kò ní. British Museum ní ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan láti 2006, àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù láti orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ń pè wá. Ọmọ Nàìjíríà ti lọ níbẹ̀. ICCROM, àjọ àgbáyé fún ìtọ́jú ohun àjogúnbá tó wà ní Róòmù, náà ń ṣe kọ́ọ̀sì fún irú wọn. Ìwé ọ̀fẹ́ wà lórí ìkànnì ICCROM nípa ètò RE-ORG, bí a ṣe ń tún sítọ́ọ̀ tó ti dàrú tò. Gbé e lé ọ̀gá rẹ níwájú, kí o ní ẹ jẹ́ ká ṣe é ní pẹpẹ kan ṣoṣo. Bí pẹpẹ kan bá tò, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé, iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn tí o lè gbé síwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún ọ lówó.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ màmá mi àti ẹ̀gbọ́n mi. A ò ní ta ilẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á ràn mí lọ́wọ́ lórí fọ́ọ̀mù Ìbàdàn, màmá mi ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òkè òkun kú.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí. Màá gba fọ́ọ̀mù Ìbàdàn lọ́dún yìí. Màá béèrè fún Chevening bó bá ṣí, Norwich ni mo fẹ́ fi síwájú. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn Sátidé mi wà nínú fáìlì ọ̀gá, màá ní kó buwọ́ lù ú. Màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ohun tí àwọn àgbà Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ nípa ilẹ̀kùn Ògògà jọ, màá gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, nítorí ìwé tó wà ní London kò lè sọ ìyẹn. Ìbéèrè mi ìkẹyìn: kí ni kí n sọ fún yunifásítì tó ti gbà mí? Wọ́n ní kí n san owó àsansílẹ̀ kí àyè mi má bọ́.

Dúpẹ́_nílẹ̀_Gẹ̀ẹ́sì

Inú mi dùn. Bí o bá lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kọ́kọ́ lọ kí Ògògà tàbí ìjòyè tó bá yẹ, kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe, kí o sì jẹ́ kí àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó máa ka ìwé ìbéèrè rẹ lọ́la ní Norwich á béèrè bí o ṣe gba àṣẹ.

Ní ti owó àsansílẹ̀, má tíì san án. Kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, sọ pé o ń wá owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kí o béèrè bóyá wọ́n lè gbé àyè rẹ sí ọdún tó ń bọ̀, bóyá wọn yóò ní kí o san nǹkan kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, àti bóyá iye owó ilé-ìwé yóò yí padà nígbà náà. Kí ìdáhùn wọn wà lórí ìwé. Bí wọ́n bá ní kí o sanwó kí wọ́n tó gbé e, jẹ́ kó lọ. Àwọn náà kọ́ ló ní olùkọ́ tí o ń wá.